Ojú-Ewé Kẹtàdínlógún

Ìwé náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí, òwú ló fi gán an,
òwú dúdú tí ìyá mi àgbà fi ń rán ẹnu àpò obì
ní Màkún, ní Ṣágámù.

Dọ̀káàsì Ẹfúnkọ́yà.
Pẹ́ńsùlù ló fi kọ ọ́ sínú èèpo ìwé,
lẹ́tà tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn.
Ó ti bímọ mẹ́rin kí ó tó mọ A yàtọ̀ sí B.

Kí àkùkọ Baba Ọnàfọwọ́kàn tó kọ lẹ́ẹ̀kejì
a ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ nídìí àtùpà:
gbólóhùn kan, ìsinmi,
gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i,
bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun
tí kò kánjú gbé nǹkan mì.
Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́.
Lẹ́yìn náà, ọ̀bẹ,
àti èèpo obì tó ń bọ́ sínú abọ́ omi.

A máa ń fi rẹ́rìn-ín.
Ọdún mọ́kànlá, ìwé kan ṣoṣo!
Mo bi í léèrè rí. Ó ní,
"Ta ló ń ka ìwé?
Òun ló ń ṣà mí bí obì,
kò sì tíì ṣà mí dé ìdí agbọ̀n."

Ẹ ò rí i bó ṣe ń ṣa obì.
Á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á yí i, á tún un yí,
á máa wá ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́,
nítorí kòkòrò kan, ó ní,
kì í jẹ́ kí agbọ̀n dé Kánò láyọ̀.
Mo rí i lóru ọyẹ́ kan, lórí ẹní,
ó gbé ara rẹ̀ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ àtùpà,
ó ń yí i.

Ọdún tí Ọ̀ṣíbọ̀dù kó owó agbọ̀n mẹ́rìnlélógún sá lọ
ló dé ojú-ewé kẹtàdínlógún.
Ìwé kò lọ síwájú mọ́.
Ọyẹ́ wá, ọyẹ́ kọjá, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀,
ewé gbígbẹ tó fi ṣàmì sí i kò kúrò lójú kan.
Ó ń ka ìlà náà láràárọ̀, ó ń bínú.
Kò fi pamọ́ fún Ọlọ́run.
Ó ní, "Olúwa, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ nìyẹn."
Ó ní, "Ṣé Ìwọ náà ti tajà láwìn rí?"

Lọ́jọ́ kan tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà,
ó di obì mẹ́fà sínú ewé tútù,
ó fẹsẹ̀ rìn dé Ìpẹru.
Ọ̀ṣíbọ̀dù wà lórí àìsàn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.
Ìyàwó ọkùnrin náà ló sọ fún wa níbi ìsìnkú
pé ìyá bá a fọ aṣọ àìsàn rẹ̀,
ó sì bá a jà nítorí pé kò jẹun.
Owó náà kò padà.
Láàárọ̀ ọjọ́ kejì
a gbọ́ gbólóhùn tuntun.

Ìwé náà ti di tèmi.
Àmì ìka rẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú, wà létí ojú-ewé,
ó nípọn jù ní ìkẹtàdínlógún,
ó tán ní àádọ́ta.
Lẹ́yìn ibẹ̀, ewé ṣì lẹ̀ mọ́ ewé lórí
bí ó ti ti ilé ìtẹ̀wé wá, ọ̀bẹ kò kàn án.
Obìnrin tí gbogbo Màkún ń pè ní ẹni mímọ́
kò ka ìwé rẹ̀ dé ìdajì.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ parí, èmi.
Mo mú ọ̀bẹ obì láti la ìyókù.
Mo gbé e sílẹ̀.
Mo padà sí ojú-ewé kìíní, mo ka ìlà mẹ́ta.
Kò dárúkọ àbúrò mi,
ṣùgbọ́n òun náà ló ń sọ,
àbúrò tí a kò jọ sọ̀rọ̀ láti ìgbà ìsìnkú.

Àkùkọ ẹlòmíràn ló ń kọ ní Màkún báyìí.
Mo tún ìlà kẹta kà.